Orí Orin, Ìdí Orin: Bí A Ṣe Ń Fi Orin Japan Ta Shiritori Nínú Yàrá Karaoke

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ sì kú àfẹ́tísílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ yàrá karaoke kan ní Japan. Yàrá kékeré ni, kò gbà ju èèyàn márùn-ún lọ. Tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri, gbohùngbohùn méjì wà lórí tábìlì, àwọn tó jókòó sì ń fi àkọlé orin ta shiritori, eré tí ìparí ọ̀rọ̀ ẹnìkan ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹni tó kàn. Orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí fi ‘re’ sílẹ̀, ẹni tó kàn sì gbọ́dọ̀ mú orin tí ‘re’ bẹ̀rẹ̀ àkọlé rẹ̀. Kò rò ó wò rárá, ó tẹ “Lemon”, orin tí Yonezu Kenshi gbé jáde ní 2018, tí tọmọdé tàgbà Japan mọ̀ bí ẹní mowó. Orí orin náà kò ní àléébù, nítorí Re-mo-n ni wọ́n ń pè é. Ìdí rẹ̀ ni kò dáa. Kó tó kọ ìlà kìíní tán, àwọn yòókù ti bú sẹ́rìn-ín: ọ̀rẹ́ wọn ti fìdí rẹmi.

Ohun tí a wá sọ kò ju ìyẹn lọ. Nínú eré yìí, orí orin ni gbogbo èèyàn ń wá kiri, ìdí orin ló sì ń lé wọn jáde. Ẹni tó mọ 40 orin, tó mọ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dájú, yóò fi ẹ̀yìn ẹni tó mọ 400 balẹ̀.

‘N’ tí í lé èèyàn jáde

“Shiri” ni ìdí, “tori” ni mímú. Orúkọ eré náà ti sọ iṣẹ́ ibẹ̀: o gbá ìdí ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú rẹ mú, o fi ṣe orí ọ̀rọ̀ tìrẹ. Ọmọdé Japan kì í tíì mọ̀wé tán tí í fi mọ̀ ọ́n ta. Ọ̀rọ̀ “shiritori” gan-an ni wọ́n sábà fi ń ṣí i. Ìdí rẹ̀ jẹ́ ‘ri’, ẹnìkan á mú “ringo”, èso ápù. Ẹlòmíràn á mú “gorira”, ìnàkí. Ẹlòmíràn “rappa”, kàkàkí. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ nìkan ló wọlé. Èyí tí ẹnikẹ́ni bá ti sọ kò gbọ́dọ̀ tún jáde. Ẹni tó bá sì sọ ọ̀rọ̀ tó parí sí ‘n’ ti kúrò lójú agbo.

Kí ni ‘n’ ṣe? Kò sí ọ̀rọ̀ Japan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ẹni tó kàn lè gbá mú. ‘N’ yìí kì í ṣe ti inú “na” o. Sílébù kan gédégbé ni, ó ní àkókò tirẹ̀ lẹ́nu, bí ‘ń’ àárín “pańla” ṣe ní tirẹ̀. Kò yẹ kó ṣòro fún ẹni tó bá ń sọ Yorùbá láti gbọ́ ọ. Àwa náà sì ní irú òfin bẹ́ẹ̀ tí a kì í kíyè sí: Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ọ̀rọ̀ tí ‘u’ bẹ̀rẹ̀. Ará Èkìtì lè pe ilé ní “ulé”, ṣùgbọ́n ìyẹn kò wọ inú ìwé. (Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá ta shiritori, kò ní lọ jìnnà. “Ilé” parí sí ‘lé’, fáwẹ́lì ló sì ṣíwájú ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀-orúkọ wa. Èdè Japan ló bá eré yìí lára mu.)

Ó bá a lára mu nítorí kana, àmì tí wọ́n fi ń kọ èdè Japan. Kana kì í ṣe lẹ́tà bí a, b, d. Àmì kan ló dúró fún sílébù kan. Wọ́n to gbogbo wọn sórí pátákó kan tó ń jẹ́ gojūon, tó túmọ̀ sí àádọ́ta ohùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 46 ló kù tí wọ́n ń lò lónìí. ‘A, ka, sa, ta, na, ha, ma, ya, ra, wa’ ni orí ọ̀wọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ẹni tó bá fẹ́ ta eré yìí tí kò mọ ọ̀wọ́ mẹ́wàá wọ̀nyí lórí dà bí ẹni tó fẹ́ ta ayò tí kò lè ka ọmọ ayò.

Ẹni tó ń ka àkọlé ní lẹ́tà òyìnbó ló máa ń kọ́kọ́ ṣìnà. “Ito”, orin Nakajima Miyuki, kò parí sí ‘o’. ‘To’ ló parí sí. “Tsunami” tí Southern All Stars kọ ní 2000, ‘tsu’ ni orí rẹ̀, kì í ṣe ‘t’ tàbí ‘su’. ‘Mi’ ni ìdí rẹ̀. ‘Shi’, ‘chi’, ‘tsu’ àti ‘fu’, bó ti wù kí lẹ́tà wọn pọ̀ tó, àmì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n.

Yàrá àti wáyà

A ò ní pẹ́ lórí ìtàn karaoke. “Kara” ni òfìfo, “oke” sì ni ọ̀kẹ́sítírà tí wọ́n gé kúrú: àwọn onílù ti lọ, ẹ̀rọ ló gba ipò wọn. Negishi Shigeichi ti ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Tokyo ní 1967. Ní 1971, Inoue Daisuke ṣe tirẹ̀ ní Kobe, ó ń yá a fún àwọn ilé ọtí, kò sì fi òfin dáàbò bo iṣẹ́ náà fún ara rẹ̀.

Ohun méjì ló kan eré wa nínú ìtàn yẹn. Èkíní ni yàrá àdáni, tó bẹ̀rẹ̀ ní Okayama ní 1985 nínú kọ̀ǹtéénà ẹrù tí wọ́n tún ṣe. Kò sẹ́ni tó lè ta shiritori ní ilé ọtí tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí náà ti ń dúró de gbohùngbohùn. Èkejì ni wáyà. Láti 1992 ni ẹ̀rọ ti ń gba orin láti orí wáyà tẹlifóònù. Kó tó di ìgbà náà, inú téépù àti àwo ni orin wà, ìwọ̀nba tí ilé ọtí bá sì rà ni èèyàn máa kọ. Èèyàn lè ní orin ‘ru’ kan ṣoṣo lọ́kàn, kó dé ibẹ̀ kó má bá a. Lónìí, bóyá ẹ̀rọ DAM ni o tàbí JOYSOUND, a kì í sábà wá orin ńlá kan tì.

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó di gbohùngbohùn mú, ẹ jókòó, kí ẹ fẹnu kò lórí bí ẹ ṣe máa ka ìdí àkọlé. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún un. Bí ẹ kò bá ṣe é, àárín orin lẹ máa ti máa jiyàn, owó yàrá á sì máa lọ.

Àkọ́kọ́, ohun tí wọ́n kọ ní kana ni ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí etí gbọ́. Ẹ mú “Ue o Muite Arukō”, orin tí Sakamoto Kyu kọ ní 1961, tó gun òkè àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà ní 1963 lábẹ́ orúkọ “Sukiyaki”. Etí á gbọ́ ‘o’ gígùn ní ìparí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kana rẹ̀ ni a-ru-ko-u. ‘U’ ni ìdí rẹ̀, ‘u’ náà sì ni orí rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ ti dá ‘u’ padà fún ẹni tó kàn bó ṣe gbà á. Àkọlé tó parí sí ‘ō’ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, gbogbo wọn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ‘u’.

Lẹ́yìn náà ni igi gbọọrọ. Nínú ọ̀rọ̀ àyálò, igi kékeré kan tí wọ́n fà sí ẹ̀yìn àmì ló ń fi hàn pé fáwẹ́lì gùn. “Runner” tí Bakufu Slump kọ ní 1988 jẹ́ Ra-n-na, lẹ́yìn náà igi. Ṣé ‘na’ ni ìdí rẹ̀ àbí ‘a’? Àwọn kan á ní kí a yọ igi dànù, ó di ‘na’. Àwọn kan á ní ohùn tí igi fà gùn ni ìdí, ó di ‘a’. Àwọn méjèèjì ló ní ọmọlẹ́yìn ní Japan. Yíyọ igi dànù la fara mọ́, nítorí tí a bá gba fáwẹ́lì, gbogbo orin tó ní igi nídìí á di fáwẹ́lì lásán, ‘a’, ‘i’, ‘u’, ‘e’ tàbí ‘o’, tí orin wọn pọ̀ rẹpẹtẹ, eré á sì rọ̀ jù. Ẹ wo “Rainy Blue”, orin Tokunaga Hideaki ti 1986: tí a bá gba fáwẹ́lì, ‘u’ ló fi sílẹ̀, ẹ̀bùn ni. Tí a bá yọ igi, ‘ru’ ló fi sílẹ̀, ẹ máa rí bí ìyẹn ṣe burú tó láìpẹ́.

Ẹ̀kẹta ni tótó méjì. Tí wọ́n bá to tótó méjì sí èjìká ‘ka’, ó di ‘ga’; ti ‘sa’ di ‘za’; ti ‘ha’ di ‘ba’; bí ó bá jẹ́ róbótó kan ni, ‘ha’ di ‘pa’. “Gurenge” tí LiSA kọ ní 2019 parí sí ‘ge’. “Zankoku na Tenshi no Tēze”, orin Takahashi Yoko ti 1995, parí sí ‘ze’. Tí ẹ bá le koko, ‘ge’ gbọ́dọ̀ bímọ ‘ge’, orin méjì mẹ́ta péré lẹ máa kọ tí eré á fi há. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ gba yíyọ tótó, kí ẹ má gba fífi kún un. ‘Ge’ lè di ‘ke’, ṣùgbọ́n ‘ke’ kò gbọdọ̀ di ‘ge’. Kí àwọn tó ń fi lẹ́tà òyìnbó kà á ṣọ́ra níbí: “First Love” ti Utada Hikaru parí sí ‘bu’, tótó ‘bu’ bá sì kúrò, ‘fu’ ló kù, kì í ṣe ‘hu’ tàbí ‘u’.

‘E’ tí wọ́n ń kọ bí ‘he’ tún ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré tó ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan ń lọ ni, “sí” tiwa. “Mirai e”, orin Kiroro ti 1998, ẹnu pè é ní ‘e’, kana rẹ̀ jẹ́ ‘he’. Níwọ̀n ìgbà tí a ti ní kana la ń tẹ̀ lé, ‘he’ ni. ‘He’ kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni: orin tó ń wá síni lọ́kàn jù níbẹ̀ ni “Heavy Rotation” tí AKB48 gbé jáde ní 2010, tó parí sí ‘shon’. Ọwọ́ pálábá ti ségi. Ẹni tó bá kọ “Mirai e”, orin tútù tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ fún ìyá wọn, ti dẹ pàkúté sílẹ̀ láìdijú. Àkọlé mìíràn ní ìrù: “Tegami”, orin Angela Aki ti 2008, ní gbólóhùn kan lẹ́yìn rẹ̀ tó parí sí ‘e’ yìí kan náà. Láìsí ìrù, ‘mi’ ló fi sílẹ̀. Ẹ yọ ìrù kúrò nínú gbogbo orin, kó rọrùn.

Èyí tó kù ni kanji, àwọn àmì tí wọ́n yá lọ́wọ́ China, tí ẹyọ kan lè ní ọ̀nà mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n ń gbà kà á. Orin kan wà tí Yamaguchi Momoe kọ ní 1977, tí Sada Masashi sì dá. Àmì méjì ni àkọlé rẹ̀: “aki”, ìgbà tí ewé ń wọ́, àti “sakura”. Ẹni tí kò gbọ́ orin náà rí á ní ‘a’ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ‘ra’ ló parí rẹ̀. “Kosumosu”, orúkọ òdòdó kan, ni wọ́n ń ka àkọlé náà: ‘ko’ ni orí, ‘su’ ni ìdí. Ẹ má ṣe fi ọgbọ́n orí dájọ́ níbí. Ẹ̀rọ fi kana to àkọlé kọ̀ọ̀kan sínú àpò rẹ̀. Ẹ tẹ orí tí ẹ rò pé ó jẹ́, bí orin náà kò bá jáde, ẹ ti ṣì í kà.

Ìyàn ọ̀wọ́ ‘ra’

Ibí yìí gan-an ni eré wà. ‘Ra, ri, ru, re, ro’ ni ọ̀wọ́ náà.

Èdè Japan àtijọ́ kò ní ọ̀rọ̀ ìbílẹ̀ tí ‘r’ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ní lónìí tẹ̀lé ìwé China wọlé, tàbí kó tẹ̀lé ọjà òyìnbó, tí ‘l’ àti ‘r’ ti di ọ̀kan náà lẹ́nu wọn. Ìdí nìyí tí àkọlé tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘ru’ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò gbogbo: òkúta rúbì, ọ̀dà ètè, orúkọ olè inú àwòrán ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìdí ọ̀rọ̀, ‘ru’ kún fọ́fọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe Japan máa ń parí sí ohùn ‘u’, ọ̀pọ̀ nínú wọn sí ‘ru’ gan-an, àwọn olórin sì fẹ́ràn láti fi ọ̀rọ̀-ìṣe pa àkọlé dé. Ẹni tó ń bèèrè pọ̀, ẹni tó ní kò pọ̀. Àwọn tó ń ta shiritori dáadáa mọ èyí, wọ́n tiẹ̀ fún un lórúkọ, ìkọlù ‘ru’: kí èèyàn máa ju ‘ru’ sí ẹnìkejì léraléra títí àpò rẹ̀ á fi gbẹ.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orin. YOASOBI nìkan ní méjì: “Yoru ni Kakeru” ti 2019, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘yo’, àti “Idol” ti 2023, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘a’. Àwọn àgbà á mú “Kitaguni no Haru” ti Sen Masao, 1977. Àwọn tó fẹ́ràn rọ́ọ̀kì á mú “ultra soul” ti B'z, 2001, tàbí “Rusty Nail” ti X Japan, 1994, tó tún jẹ́ pé ‘ra’ ló gbà kó tó ju ‘ru’ síta. Márùn-ún nìyẹn láìjìnnà.

Kí lo máa fi dá a lóhùn? Èyí tó ń kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni “Rouge no Dengon” tí Arai Yumi kọ ní 1975. Sá fún un: De-n-go-n, ó parí sí ‘n’. Olùgbàlà gidi ni “Ruby no Yubiwa”, orin Terao Akira tó gba ẹ̀bùn Japan Record Award ti 1981. ‘Wa’ ló fi sílẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Tí o bá fẹ́ gbẹ̀san, mú “Lupin Sansei no Tēma”. ‘Ma’ ló fi sílẹ̀, bí ẹni tó kàn bá sì lọ kọ “Matsuri” ti Kitajima Saburo, ‘ri’ ti padà sí ojú agbo nìyẹn. Èyí tó dùn jù lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ni “Rule”, tí Hamasaki Ayumi gbé jáde ní 2009: ‘ru’ lórí, ‘ru’ nídìí. Ẹni tó ju òkúta ni òkúta máa bà. “Loop & Loop” ti Asian Kung-Fu Generation, 2004, á ṣe é fún ìgbà kejì; ‘pu’ ló parí sí, èyí tó máa di ‘fu’ bí ẹ bá gba yíyọ róbótó.

Lórí ‘ro’, pàkúté ni “Robinson” ti Spitz, 1995. Orin náà dùn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ‘n’ ló parí sí. “Roman Hikō” ti Kome Kome Club ló ń gbani, ‘u’ ni ìdí rẹ̀, tàbí “Romance no Kamisama” ti Hirose Kohmi, 1993, tó fi ‘ma’ sílẹ̀. Lórí ‘ra’, “Love Machine” ti Morning Musume, 1999, ni pàkúté. “Love Story wa Totsuzen ni” ti Oda Kazumasa, 1991, ni ọ̀nà àbáyọ, ó parí sí ‘ni’. Lórí ‘re’, ẹ ti mọ “Lemon”. Ọ̀rẹ́ wa tí wọ́n fi ṣẹ̀sín níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti mú “Rainy Blue”, ì bá sì ti ju ‘ru’ lé ẹni tó kàn lórí. ‘Ri’ nìkan ló rọrùn díẹ̀ nínú ọ̀wọ́ náà: “Linda Linda” ti The Blue Hearts, “Rewrite”, “Ringo Oiwake”.

Ẹ kíyè sí i pé nínú àwọn márùn-ún ọ̀wọ́ yìí, mẹ́rin ló jẹ́ pé orin tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ lèyí tó ń pani. Kò ya àwa lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ àyálò àti ọ̀rọ̀ China ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘r’, àwọn méjèèjì náà ló sì fẹ́ràn láti parí sí ‘n’.

Yàtọ̀ sí ọ̀wọ́ ‘ra’, ẹ tọ́jú nǹkan sí ‘mu’. “Mugonzaka” ti Kōzai Kaori, 1993, wúlò, ‘ka’ ló fi sílẹ̀. ‘Nu’ ṣòro púpọ̀. Àwọn yòókù kò tó ohun tí à ń yọ ara wa lẹ́nu lé.

Ìwé àkọsílẹ̀

Ẹ mú ìwé olójú-ewé mẹ́wàá, ọ̀wọ́ kan sí ojú kan. Ojú-ewé ‘ra’ ni kí ẹ kọ́kọ́ kún, kì í ṣe ti ‘a’. Orin mẹ́ta ó kéré tán fún ‘ra’, ‘ri’, ‘ru’, ‘re’, ‘ro’, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Fún ‘a’, ‘ka’, ‘sa’, ‘ha’, márùn-ún márùn-ún tó, nítorí wọ́n á máa wá fúnra wọn. Níwájú orin kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí i, iye ìṣẹ́jú rẹ̀, àti ibi tí ohùn yín bá a dé. Bíírò pupa ni kí ẹ fi kọ èyí tó bá parí sí ‘n’. Ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú ìwé o. Tí kò bá sí níbẹ̀, ọjọ́ tí ọkàn yín bá pòrúurùu lẹ máa mú un.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá ìwé yí padà: ẹ tún àwọn orin yẹn tò, ní ti ìdí wọn lọ́tẹ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ kì í ṣe èyí. Ó sì jẹ́ pé ìwé kejì yìí ni ìwé ìkọlù. Òun ló máa sọ fún yín pé “Yoru ni Kakeru” àti “ultra soul” ń dúró de ọ̀tá lójú-ewé kan náà.

Wákàtí kan, orin mẹ́tàlá

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé àwọn mẹ́rin kan tó ń ta á. Láti ara “shiritori” ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ‘ri’. Ẹni àkọ́kọ́ kọ “Ringo Oiwake” ti Misora Hibari, 1952, ‘ke’. Ẹnìkejì mú “Kenka o Yamete” ti Kawai Naoko, 1982, ‘te’. Ẹnìkẹta, “Tentai Kansoku” ti Bump of Chicken, 2001. ‘N’ méjì ló wà láàárín rẹ̀, àárín kò pani, ‘ku’ ló parí sí. Ẹnìkẹrin, “Kurenai” ti X, 1989, ‘i’. Ó yí padà sọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́: “Ito”, ‘to’. Ẹnìkejì: “Toki no Nagare ni Mi o Makase” ti Teresa Teng, 1986, ‘se’. Ẹnìkẹta: “Sekai ni Hitotsu Dake no Hana” ti SMAP, 2003, ‘na’. Ẹnìkẹrin: “Nada Sōsō” tí Natsukawa Rimi kọ ní 2001. Àmì omijé ló wà lórí àkọlé yẹn, “namida” ni Tokyo máa kà á, ṣùgbọ́n ohùn Okinawa ni wọ́n fi kà á níbí, “nada”. Orí rẹ̀ ṣì jẹ́ ‘na’, kò sí ìjà. Ìdí rẹ̀ jẹ́ ‘u’.

Ẹni àkọ́kọ́ rọra kọ “Ue o Muite Arukō”, ó dá ‘u’ sílẹ̀. Orin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘u’ kò wọ́n. Ẹnìkejì ì bá mú ohun tó bá wù ú, “ultra soul” ló tẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe, ogun ló gbé dé. Ẹnìkẹta ṣí ojú-ewé ‘ra’, ó mú “Ruby no Yubiwa”, ‘wa’. Ẹnìkẹrin kọ “Wine Red no Kokoro” ti Anzen Chitai, 1983, ó sì ju ‘ro’ sí ẹni àkọ́kọ́, ẹni tó jẹ́ pé “Robinson” ló fẹ́ràn jù láyé. Ó wo ìwé, ó rí bíírò pupa, ó mú “Roman Hikō”. Orin mẹ́tàlá nìyẹn, wákàtí kan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Ìṣírò tí ẹ máa fi gba yàrá nìyẹn náà. Orin kan máa ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún, nítorí náà wákàtí méjì fún èèyàn mẹ́rin jẹ́ orin 24 tàbí díẹ̀ lé, mẹ́fà mẹ́fà fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ọ̀pọ̀ ilé karaoke fi ń ka owó yàrá, wọ́n sì sábà máa ń béèrè pé kí ẹnìkọ̀ọ̀kan ra ohun mímu kan ó kéré tán. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀wọ̀n gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kọ ẹsẹ kìíní àti ègbè, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń dá orin dúró.

Rìmóòtù kan ṣoṣo ni kó wà nílẹ̀, ọwọ́ ẹni tó kàn ni kó sì wà. Ẹ̀rọ máa ń gba orin púpọ̀ sórí ìlà, ìyẹn gan-an ló ń ba eré jẹ́: ẹnìkan á ti tẹ orin tirẹ̀ sílẹ̀ ní títẹ̀lé ohun tó rò pé ẹlòmíràn máa kọ, tí onítọ̀hún bá wá yí èrò padà, ẹ̀wọ̀n ti já. Ẹni tó kàn ní láti tẹ orin rẹ̀ kí orin tó ń lọ lọ́wọ́ tó parí. Tí tẹlifíṣọ̀n bá ṣófo kó tó tẹ ẹ, ó ti jáde. Gbogbo ìrònú gbọ́dọ̀ parí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin tí ẹlòmíràn fi ń kọrin, èyí tó ń mú kí àwọn kan má gbádùn orin ẹnìkejì rárá. Ìyẹn ni àbùkù eré yìí, a kò ní fi pamọ́.

Ohùn náà ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹ̀wọ̀n ni ń yan orin fún yín, kì í ṣe ọ̀fun yín, ó lè gbé orin olóhùn òkè mẹ́ta fún ẹnìkan tẹ̀léra. Bọ́tìnnì kan wà lórí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, ìdajì ohùn kan fún títẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lò ó láìtijú. “Kurenai” ní pàtàkì, ẹ má ṣe é nígbà tí ọ̀fun kò tíì gbóná.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kana, ẹ̀wọ̀n ti le jù. Ẹ gé káàdì 44, kana kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: gbogbo 46 yẹn, láìsí ‘n’ àti ‘wo’ tí kò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ dà wọ́n pọ̀, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan fa ọ̀kan, kó kọ orin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Orí nìkan ló ṣe pàtàkì níbí, ìdí kò kan ẹnikẹ́ni, kódà “Lemon” wọlé. Ẹni tó bá fa ‘nu’, ẹ jẹ́ kó fa òmíràn.

Tí ó bá ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tẹlifóònù ara ògiri á dún, àwọn ará ìsàlẹ̀ ń bèèrè bóyá ẹ fẹ́ fi kún àkókò yín. Bí ẹ kò bá fi kún un, tí ‘to’ sì wà nílẹ̀, kí ẹnìkan kọ “Tombo” ti Nagabuchi Tsuyoshi, 1988. ‘Bo’ ló parí sí, tótó kúrò, ó di ‘ho’, ẹni tó kàn á sì mú “Hotaru no Hikari”, orin tí wọ́n fi ń pa ètò orin ọjọ́ ìparí ọdún dé lórí tẹlifíṣọ̀n NHK, tí ilé ìtajà sì ń lu ohùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ìdí rẹ̀ jẹ́ ‘ri’. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún pàdé.